Ìyá Rábì àti Àwọn Áyọ́ọ̀nù Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ìyá tó bí ìyá mi kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á ṣe sàláámà láti ẹnu géètì, kí ẹ tó dáhùn, wọ́n ti wà ní pálọ̀, wọ́n ti bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n sì ti ń wo abẹ́ àga yín. Bí ẹ bá ní oorun lẹ ń sùn, wọ́n á ní kí ẹ máa sùn lọ, pé àwọn kò bá ti oorun yín wá. Gbogbo àdúgbò wa lójú ọ̀nà Àìlégùn ló mọ ìwà yìí mọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí wọn pẹ́, nítorí bí obìnrin bá kú nínú ilé kan, ìyá yìí náà ni wọ́n máa ń sáré wá pè. Ìyá Rábì ló ń wẹ òkú obìnrin fún mọ́ṣáláṣí wa. Rábì ni ìyá mi.

Èmi ni Ṣakírátù, ọmọ Rábì. Ìyá Àgbà ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n ti lọ báyìí, gbogbo ẹni tó sì wá kí wa ló ń sọ fún mi pé èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n. Háà! Ta ni jẹ́ẹ́jẹ́? Ẹ dákun, ẹ má fi ìyá mi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Àgbà le koko. Wọ́n á fi ẹnu nà ẹ́ tán, wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú ẹ, wọ́n á tún ní ṣé o fẹ́ kó tutù ni. Ẹni tí mo mọ̀ nìyẹn, òun náà sì ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Ilé aláṣọ ni wọ́n ti wá, aṣọ náà ni wọ́n sì tà ní ọjà Áswánì títí orúnkún fi ní òun kò lọ mọ́. Mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú sì máa ń tì mí. Oníbàárà á mú àǹkárá kan, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á ní, "Màmá, ṣé kò ní ṣí?" Gbogbo aláṣọ tó wà ní ìlà yẹn ló mọ èsì ìbéèrè yìí: kò lè ṣí láéláé! Ìyá Àgbà á fi àtàǹpàkò pa aṣọ náà, wọ́n á ní, "Ó máa ṣí. Tó o bá ń wá èyí tí kò ní ṣí, òun nìyí, àmọ́ ó wọ́n jù ú lọ." Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ ṣìkejì tiwọn bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Rábì, ẹ ń ba ọjà jẹ́ fún wa o!" Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Tó bá délé, omi máa sọ ọ́ fún un. Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí omi tó sọ ọ́."

Ní ti òkú wíwẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnu wọn máa ń mọ. Bí wọ́n bá wá pè wọ́n, wọ́n á kó òwú, kánfọ̀ àti aṣọ funfun sínú báàgì, wọ́n á lọ. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á mu ẹ̀kọ gbígbóná, wọn kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi kírun. Mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí Alájá kan kú ní àdúgbò wa. Gbogbo àwa ọmọbìnrin la ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé orí Alájá náà pá rọ̀rọ̀, pé wíìgì ni wọ́n fi ń bò ó. Ìyá Àgbà dé láti ibẹ̀, mo sún mọ́ wọn, mo ní, "Ìyá Àgbà, ṣé lóòótọ́ ni pé orí wọn pá?" Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọ́n kàn fà mí mọ́ra, wọ́n fi oríkì mi pè mí. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ohun tí mo bá rí lára òkú, omi ló bá lọ." N kò béèrè irú ẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ yìí náà ló jẹ́ kí wọ́n mọ kọ̀rọ̀ ilé gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Bí a bá ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, àwọn ọmọ olóògbé á jókòó, wọ́n á pín ẹrù. Wọ́n á pín aṣọ, wọ́n á pín góòlù, wọ́n tiẹ̀ lè jà lórí ìkòkò. Àmọ́ áyọ́ọ̀nù tó ti jó, rédíò tí kò fọhùn mọ́, fáànù orí tábìlì tí ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́, ta ló ń pín ìyẹn? Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, kò sì sẹ́ni tó láyà láti dà á nù, nítorí nǹkan ìyá wa ni. Wọ́n á wé e sínú ọ̀rá, wọ́n á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọdún gbọọrọ. Ìyá Àgbà mọ áyọ́ọ̀nù olóògbé tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wa. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Mo gbé ìyá lọ, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù dípò."

Ilé tiwa náà kò yọ sílẹ̀ o. Bílẹ́ńdà ìyá mi wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù ní kíṣìnì, ìborùn ni wọ́n fi bò ó. Ó ti jó tipẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Ìyá Táwà, nítorí bí mo bá kọ nípa Ìyá Àgbà tí n kò dárúkọ Ìyá Táwà, àwọn méjèèjì ló máa bínú sí mi. Fẹ́ńsì kan ló wà láàárín ilé wa àti tiwọn. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ló dá ìjà sílẹ̀: ta ló ń gbá pàǹtírí sí ọ̀dọ̀ ta? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, bí ẹní ń jẹun àárọ̀. Ìyá Táwà kéré díẹ̀ sí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ orí, àmọ́ ẹnu wọn ò kéré rárá. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìyá mi kú, Ìyá Táwà ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú Ìyá Àgbà, wọ́n di ọwọ́ wọn mú. A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbọ́ ariwo lẹ́nu gọ́tà. Àwọn ìyá méjì ti bẹ̀rẹ̀! Inú mi dùn, ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Mo bi Ìyá Àgbà pé ṣé ìjà yìí kò tíì sú wọn ni. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń bá ẹ jà lójoojúmọ́, ó ń wo ojú ẹ lójoojúmọ́ nìyẹn."

Nígbà tí iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ sí Pọtá, èmi àti ọmọ mi kó padà sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Orúkọ ìyá mi ni mo sọ ọmọ náà, Rábì. Ásímà ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá dé sí i, àyà rẹ̀ á máa súfèé, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, á máa wò mí bíi pé èmi ni mo di atẹ́gùn mọ́wọ́. Ìyá tó bá ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí mo ń sọ.

Èéfín ló ń fà á. Kànáàlì wà lẹ́yìn ilé wa, ilẹ̀ gbalasa kan sì wà létí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti máa ń dáná sun wáyà ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ yọ tà. Èéfín dúdú, tó ń rùn bí ìgbà tí èèyàn ń sun bàtà rọ́bà, á gba ojú fèrèsé wọlé. Mo lọ bá wọn jà. Mo pariwo, mo ní n ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí n rọra ṣe, ebi ò mọ ọlọ́pàá. Mo padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà ra omi inú ọ̀rá, wọ́n rù ú lọ síbẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, mo rò pé wọ́n máa nílò ẹni tó máa gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n jókòó lórí táyà àlòkù kan, wọ́n pín omi fún àwọn ọ̀dọ́ náà, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ ń sun?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, Sáyídì ni wọ́n ń pè é, ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Màmá, wáyà ni. Wáyà áyọ́ọ̀nù, wáyà fáànù."

"Níbo lẹ ti ń rí i?"

"Lọ́dọ̀ yín náà ni, Màmá. Ṣẹ́ ẹ ò gbọ́ tá a máa ń pariwo kọ́ńdẹ́mù kiri àdúgbò, tá a ń wá nǹkan tó ti bàjẹ́ ni? Àwọn ọmọ yín ló ń fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi í gba bisikíìtì lọ́wọ́ wa."

Ìyá Àgbà wo òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú áyọ́ọ̀nù kan jáde níbẹ̀. Iná ti lá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ òwú pupa tí wọ́n wé mọ́ ìdìmú rẹ̀ ṣì wà. Áyọ́ọ̀nù Sẹ̀lí ni, àbúrò Ìyá Táwà tó ti kú. Alágbàfọ̀ ni, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé òwú náà kí ìdìmú má baà máa jó o lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù náà lé orí itan wọn, wọ́n nu eérú ara rẹ̀ nù, wọ́n sì fi í sínú báàgì wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, àwa la wà nínú èéfín tó ń wọ àyà ọmọ ẹ."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bi mí pé ṣé kò sí ibi tí wọ́n ti ń tú irú nǹkan báwọ̀nyí tí wọn kì í sun ún. Ó wà. Àjàó Estate ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òpópónà kejì sí ọ́fíìsì wa ni ilé iṣẹ́ kan wà tó ń gba ohun èlò iná àlòkù: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, ṣájà, rédíò, fóònù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tú u. Wọ́n á kó irin sọ́tọ̀, wọ́n á kó ike sọ́tọ̀, wọ́n á kó bàbà sọ́tọ̀, wọ́n á kó o fún àwọn tó máa yọ́ ọ rọ nǹkan tuntun. Ìyá Àgbà ní àwọn máa fi ojú ara àwọn rí i. A jọ lọ. Wọn kò kan ilẹ̀kùn níbẹ̀ náà o! Wọ́n dúró ti ọmọbìnrin kan tó ń tú ìdè rédíò, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ń tú u díẹ̀díẹ̀, kò fagbára fà á. Wọ́n bi í, "Ẹ ò ní sun ún?" Ó ní, "A ò ní sun ún, Màmá." Wọ́n mi orí. Ilé iṣẹ́ náà yá wa ní àpótí ńlá kan, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Bí a ti ń bọ̀ wálé, wọ́n ní, "Ọmọ yẹn mọ̀ pé ẹnì kan ló ni rédíò yẹn rí."

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kánjú. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a ṣe àsàlátù tán, Ìyá Àgbà dìde láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní kí oníkálùkù lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí wọ́n gbé ohun tó ti jó wá sínú àpótí, kí ọmọ wọn má tà á fún ẹni tó máa sun ún, nítorí imú àwọn ọmọ wọn náà ni èéfín rẹ̀ máa gbà padà. Àwọn obìnrin ń mi orí. Ì bá dára ká ní wọ́n jókòó síbẹ̀. Wọn kò jókòó. Wọ́n ki ọwọ́ bọ báàgì, wọ́n fa áyọ́ọ̀nù olówùú pupa yẹn yọ, wọ́n gbé e sókè. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó! Áyọ́ọ̀nù Sẹ̀lí nìyí. Inú iná ni mo ti rí i."

Ìyá Táwà dìde. Mo ti gbọ́ ìjà wọn láti kékeré, n kò gbọ́ irú ohùn yẹn rí. Kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Rábì, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ bá rí lára òkú, omi ló bá lọ. Kí ni Sẹ̀lí ṣe fún yín tẹ́ ẹ gbé tirẹ̀ wá síta?"

Ìyá Táwà sì tún fi kún un: "Bílẹ́ńdà Rábì ńkọ́? Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ fi ìborùn bò ó. Ti ọmọ yín ló yẹ kí wọ́n bò, ti àbúrò mi ni kí wọ́n gbé sókè?" Wọ́n wá gba áyọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, wọ́n wé e sínú gèlè wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà wọ yàrá. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ìjà lẹ́nu gọ́tà. Àdúgbò dákẹ́ bíi pé èèyàn kú. Àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ṣófo, ọmọdé ń fi í ṣe ibi ìfarapamọ́. Bí Ìyá Rábì kò bá lè gbé tiwọn wá, kí ló kan ẹlòmíì? Sáyídì àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ, nítorí kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n máa jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èéfín náà wọlé. Ásímà Rábì dé, kò sì dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fín oògùn sí i lẹ́nu, kò ràn án. Ètè rẹ̀ ń dúdú. Èmi àti Ìyá Àgbà gbé e jáde, ẹnì kan fi mọ́tò gbé wa, a sáré lọ sí ọsibítù ní Ìsọlọ̀. Wọ́n fi nǹkan bò ó nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n kọ̀. Wọn kò fi í sílẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ yìí tutù. N kì í di ẹsẹ̀ tútù mú fún ẹni tó ṣì wà láyé."

Ọjọ́ tí a gbé e wálé, wọn kò tíì bọ́ sálúbàtà tí wọ́n fi fa àga, wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n sì gbé bílẹ́ńdà náà sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ṣí ìborùn kúrò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí wọn kì í fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ata gbẹ sí ìdí rẹ̀, ó ti di dúdú, ó lẹ̀ mọ́ abẹ. Ìyá mi ló lọ ata náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, bílẹ́ńdà jó mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní òun á fọ̀ ọ́ tí òun bá dé. Kò dé mọ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Ìyá Àgbà ló fọwọ́ ara wọn wẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ọwọ́ ẹlòmíì kò ní kan ọmọ àwọn. Wọ́n wẹ ọmọ wọn o. Bílẹ́ńdà rẹ̀ ni wọn kò lè fọ̀.

Wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Ata bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, omi náà pọ́n, òórùn ata sì gba kíṣìnì. Wọ́n ń fi ìka bó o kúrò lára abẹ, omijé ń dà lójú wọn sínú omi náà. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́." Wọ́n ní, "Fi mí sílẹ̀. Ata ló ń ta mí lójú." Wọ́n fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́, wọ́n nù ún gbẹ. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Rábì tó lọ kò lọ ata mọ́. Rábì tó kù sílé ń wá atẹ́gùn."

Wọn kò fi nǹkan kan bò ó. Wọ́n gbé e dání, wọ́n jáde, mo tẹ̀ lé wọn. Mo rò pé mọ́ṣáláṣí là ń lọ, àmọ́ ẹnu ilẹ̀kùn Ìyá Táwà ni wọ́n ya sí. Wọ́n sì kan ilẹ̀kùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Ìyá Rábì kan ilẹ̀kùn! Wọ́n dúró síta, wọ́n ń retí kí wọ́n dá àwọn lóhùn.

Ìyá Táwà ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí wọn, ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Ìyá Àgbà ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Mo ṣẹ̀ ẹ́ ni. Kò yẹ kí n gbé ti Sẹ̀lí síta. Sẹ̀lí kò rán mi, ìwọ náà kò rán mi. Foríjì mí."

Ìyá Táwà wo bílẹ́ńdà tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ tó mọ́ nigínnigín. Ẹni tó ti wọ kíṣìnì wa láìmọye ìgbà ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn kò sọ pé àwọn ti foríjì, wọn kò sì sọ pé àwọn ò foríjì. Wọ́n kàn padà wọlé, wọ́n gbé gèlè tí wọ́n fi wé áyọ́ọ̀nù náà jáde. Wọ́n ní, "Ẹ rọra rìn. Ẹsẹ̀ yín ò dáa, ẹ sì ń ṣe bí ọmọdé."

Àwọn ìyá méjèèjì jọ rìn lójú ọ̀nà Àìlégùn lọ́sàn-án gangan, ọ̀kan gbé bílẹ́ńdà, èkejì gbé áyọ́ọ̀nù, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó yẹ kó rìn níwájú. Gbogbo èèyàn jáde wò wọ́n. Ẹ̀rín kọ́kọ́ ń pa àwọn kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n dákẹ́. Ìyá Àgbà gbé tiwọn sínú àpótí, Ìyá Táwà gbé tiwọn tì í. Kí a tó kírun Àsárì tán, ẹnì kan ti gbé rédíò wá. Ẹlòmíì gbé fáànù. Ìyàwó ilé kan gbé kẹ́tù ìyá ọkọ rẹ̀ dání, ó ń sunkún, Ìyá Àgbà sì ń bá a pọ́n ìyá ọkọ náà lé, wọ́n ń dárúkọ ọbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sè. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Jímọ̀, àpótí náà kò gba nǹkan mọ́.

N kò ní purọ́ fún yín, èéfín kò tán láyé ńbí. Àmọ́ ẹ̀yìn ilé wa ti mọ́. Ìyá Àgbà mú Sáyídì lọ sí Àjàó Estate, wọ́n sì bá a bẹ ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n máa ra ohun tó bá rí lọ́wọ́ rẹ̀ láìsun ún. Ó ṣì ń pariwo kọ́ńdẹ́mù kiri. Bó bá dé ẹnu géètì wa, Ìyá Àgbà á ní kó wọlé wá jẹun, kí ó sì fọwọ́ dáadáa, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí bí ìwà rẹ̀ àtijọ́. Ìyá Táwà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn lọ wẹ òkú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ ọ́n kí Ìyá Rábì má baà rò pé àwọn nìkan ló lọ́wọ́.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, tí àwa ń sọ pé wọ́n máa dìde, Ìyá Àgbà kò bá wa sọ ọ́. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ìyá Táwà ni kó wẹ̀ mí." Inú bí mi. Mo ní, "Ìyá Táwà tó dójú tì yín níwájú gbogbo àsàlátù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Wọ́n ní, "Òun náà ni. Ẹni tó lè sọ tèmi lójú mi, kò ní sọ ọ́ lẹ́yìn mi."

Àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n lọ. Ìyá Táwà wọlé, wọn kò kan ilẹ̀kùn, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Èmi ni mo ń bu omi fún wọn. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ bí Ìyá Àgbà ṣe kọ́ wọn. Mo rí ohun tí mo rí lára ìyá mi àgbà, n kò ní sọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin gbé wọn jáde tán, ilé dákẹ́. Rábì ti sunkún títí oorun fi gbé e lọ lórí ẹní, lábẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Ìyá Táwà jókòó tì í, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n gbójú sókè wò mí.

Wọ́n ní, "Ṣakírátù, ó ń mí. Ó ń mí dáadáa."

Ìgbà náà ni mo tó ráyè sunkún.